Ẹ̀rọ Omi Tó Ń Jẹ́ Málọmọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará Òkè-Ìyeyè tó máa ń bí àlejò nínú. Bí obìnrin kan bá ń yin ọkọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, pé ọkọ náà mọ̀wé, pé ó mọ ìwà hù, pé irú rẹ̀ kò sí mọ́ láyé, wọn yóò jẹ́ kó yìn ín tán. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò wá sọ pé, "Ó dára o. Kó jẹ́ Málọmọ́ ná, kó tó jẹ́ Olóyè." Bí ẹlòmíràn bá ra ọkọ̀ tuntun, tó ń fi aṣọ nù ún láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló, ohun kan náà ni wọn yóò sọ fún un. Àlejò á máa wò bọ̀ọ̀. Ta ní ń jẹ́ Málọmọ́? Olóyè wo? Àbí èpè ni wọ́n ń ṣẹ́ fún ọkọ ọlọ́kọ ni?

Kì í ṣe èpè. Ẹ fara balẹ̀, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Olóyè Ọláṣèbíkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó ti ṣe alága káńsù rí, ó sì ṣe é dáadáa. Kò jí owó ìlú, kò gba ilẹ̀ onílẹ̀, òun ló la ọ̀nà oko, òun ló kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ayé. Nígbà tó wà lórí àga, bàtà tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ pọ̀ débi pé ẹni bá fẹ́ wọlé á fò ó kọjá. Nígbà tó fẹ̀yìntì, bàtà ń dín, ó ń dín, títí ó fi ku bàtà tirẹ̀ nìkan, ewúrẹ́ aládùúgbò sì ń jẹ ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀. "Alága" ni wọ́n ṣì ń pè é lóòótọ́, àmọ́ òdìkejì títì ni wọ́n ti ń pè é, wọn kì í yà.

Ohun tó wá ń dùn ún jù ni ti orúkọ. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ro gbogbo ohun tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn nínú ìlú. Àdúgbò ń jẹ́ orúkọ ọdẹ tó kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀. Ọjà ń jẹ́ orúkọ obìnrin kan tó ta iyọ̀ láyé àtijọ́.

"Àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé pàápàá," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, "àpáta lásán! Orúkọ ọ̀mùtí ló ń jẹ́, torí pé orí rẹ̀ ló máa ń sùn sí. Èmi ńkọ́? Bí mo bá kú, kí ni wọn ó nawọ́ sí pé èmi nìyí?"

"Ewúrẹ́ yẹn," ni Ìyá Sùbúọlá dá a lóhùn. "Bàtà yín ló fi sanra."

Irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kan, bàtà àlejò dé ẹnu ọ̀nà Alága. Òjéṣínà ni, alága tuntun, ẹni tó ti ṣe akọ̀wé lábẹ́ Ọláṣèbíkan rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá," ó ní, "a ti jókòó ní káńsù, a sì ti fẹnu kò. Ẹ̀rọ omi orí òkè, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, orúkọ yín la fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ̀rọ Omi Olóyè Ọláṣèbíkan. Wọ́n ti ń kọ pátákó rẹ̀ lọ́wọ́."

Inú Alága dùn púpọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa Òjéṣínà dìde, ó súre fún un, ó súre fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó súre fún àwọn tí kò tíì bí. Ibi tó ti ń súre ni Ìyá Sùbúọlá ti odò dé, garawa lórí, omi ń kán sí i léjìká.

"Ẹ̀rọ omi wo?" ó bèèrè. "Ṣé èyí tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ sódò?"

"Ó ti yàtọ̀ báyìí, Ìyá," ni Òjéṣínà wí. "A ti kùn ún."

"Ẹ ti kùn ún. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà fún yín, kí ẹ má bàa rò pé ẹnu obìnrin náà ló burú. Táńkì ńlá kan ló wà lórí òkè, tí páìpù ti ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹnu ẹ̀rọ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kò sí ẹni tó ṣe alága lẹ́yìn Ọláṣèbíkan tí kò tún un ṣe. Èkíní tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Ìrètí. Omi yọ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ó sì gbẹ. Èkejì tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Ìgbéga. Ìyẹn kò tilẹ̀ fojú kan ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta sọ ọ́ ní Ayọ̀dé. Ayọ̀ dé láàárọ̀ lóòótọ́, ó sì padà nírọ̀lẹ́. Gbogbo wọn ló kùn ún, gbogbo wọn ló gé ríbọ́ọ̀nù, gbogbo wọn ló jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà.

Bí Alága bá gbà kí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù bí wọ́n ti ń ṣe é, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ orúkọ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó ní ríbọ́ọ̀nù kò tó.

"Orúkọ tèmi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí sọ," ó wí fún Òjéṣínà. "Bí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ ni kí wọ́n ṣe sọ ọ́. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare, kó pé pérépéré. Yèyé Àwẹ̀ró ni kó sì wá sọ ọ́."

Yèyé Àwẹ̀ró yìí ni obìnrin tó dàgbà jù ní agbo ilé Alága. Òun ló ń sọ àwọn ọmọ wọn lórúkọ. Òun ló sọ Òjéṣínà lórúkọ, ó sì rántí ọjọ́ tí wọ́n sọ Alága gan-an lórúkọ, nígbà tí òun wà lọ́mọge, ó máa ń ní ó ké jù. Òjéṣínà họ orí. Ara rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, àmọ́ ta ló tó kó kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́?

"Kò burú, Bàbá," ó ní.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, àwọn ọmọ ilé ìwé ti kọrin títí ohùn wọn fi ha. Wọ́n fi aṣọ funfun bo pátákó. Alága wọ agbádá sányán, ó jókòó síwájú, kò gbé ẹ̀yìn lé àga kí aṣọ má bàa rún. Àwọn obìnrin ìlú wá pẹ̀lú, wọ́n múra dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mú garawa dání. Àwọn kan fi ìborùn bo tiwọn nítorí ojú ayé. Ti Ìyá Sùbúọlá wà lábẹ́ àga rẹ̀, kò bo nǹkan kan. Nígbà tí Òjéṣínà rí àwọn garawa wọ̀nyí, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́, nítorí òun àti awakọ̀ ọkọ̀ agbómi nìkan ni wọ́n mọ bí omi ṣe dé inú táńkì náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n di Yèyé Àwẹ̀ró mú wá, wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n to àwo iyọ̀ àti oyin síwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà lórí bó ti máa ń gbé e lé orí ọmọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ bó ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ kẹlòó rèé?"

"Ìkẹrin ni!" ni àwọn èèyàn dáhùn.

"Ta ni àkọ́bí?"

"Ìrètí!"

"Ìrètí dà? Kó wá wo àbúrò rẹ̀."

"Ó ti lọ, Yèyé!"

"Ta ló tẹ̀lé e?"

"Ìgbéga!"

"Òun náà dà?"

"Ó ti lọ!"

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?" Ohùn Yèyé ti ń yí padà.

"Ayọ̀dé, Yèyé! Òun ò tiẹ̀ sùn mọ́jú!" Ẹ̀rín ti ń sọ láàárín àwọn obìnrin.

Yèyé Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ wàrà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Yéè! Òjéṣínà, àbíkú lo gbé wá bá mi yìí? Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi sọ lórúkọ? Ta ló ń fi orúkọ àgbàlagbà tó wà láàyè sọ àbíkú?"

"Yèyé, irin ni," ni Òjéṣínà wí. "Irin àti símẹ́ǹtì."

"Ó wá, ó lọ. Ó tún wá, ó tún lọ. Ẹ kùn ún, ẹ kẹ́ ẹ, ó tún lọ. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn nílé tìẹ?"

Yèyé wá kọjú sí Alága, ó sì pè é ní oríkì.

"Àkàní, sún mọ́ mi. Bí eléyìí bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìwọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ, tí àwọn obìnrin ń kọjá níta, kí ni wàá gbọ́ lẹ́nu wọn? 'Ọláṣèbíkan ti kú.' Kò ní í ju ìyẹn lọ. Wọn á tún un ṣe, yóò jí. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, 'Ọláṣèbíkan tún ti kú.' Ẹ̀ẹ̀mélòó lo fẹ́ kú, Àkàní?"

Ẹ̀rù ba Alága, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n pátákó wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ funfun, ó ku kí wọ́n ká aṣọ kúrò. Báwo lèèyàn ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

"Yèyé, èyí á dúró," ó ní. "Òjéṣínà, ṣí i fún wọn, kí wọ́n rí i!"

Òjéṣínà gbójú sókè ọ̀run, ó ṣí i. Omi tú jáde wàààà, ó mọ́ lóló. Àwọn èèyàn hó yèè. Alága yíjú wo ìyàwó rẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Sùbúọlá kò sí lórí àga mọ́. Ó ti wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú garawa rẹ̀, gbogbo obìnrin ìlú sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" ni Òjéṣínà ń pariwo. "A kò tíì sọ ọ́ lórúkọ!"

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ," ni wọ́n dá a lóhùn, "àwa ń pọn."

Nígbà tí Yèyé Àwẹ̀ró máa fi na igbá rẹ̀ láti bu omi ìsọmọlórúkọ, ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tu ìpẹtà díẹ̀ sínú igbá, ó sì dákẹ́. Ohùn kan wá ti ẹ̀yìn wá:

"Olóyè Ọláṣèbíkan ti gbẹ o!"

Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe kékeré. Àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Àwọn olùkọ́ tó yẹ kí wọ́n pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́ rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, òun àti Ìyá Sùbúọlá. Obìnrin náà dúró, ó ń wo inú garawa rẹ̀ tí omi kò dé ìdajì, ó sì yíjú wo ọ̀nà odò. Ìyẹn dun Alága ju ẹ̀rín lọ. Ojú tì í. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó ti ilé wá nítorí orúkọ òun. Omi ni wọ́n bá wá.

Ó dìde. Ó lọ sí ìdí pátákó, ó tú u kúrò tòun taṣọ, ó há a mọ́ abíyá.

"Yèyé," ó ní, "orúkọ wo là ń sọ irú ọmọ báyìí?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Kó máa jẹ́ Málọmọ́."

"Àṣẹ!" ni Yèyé wí. Bí ìṣe wa sì ti rí, pé ẹbí gbogbo ló ń fún ọmọ lórúkọ, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní tiwọn. "Dúrójayé!" "Kòsọ́kọ́!" "Bánjókòó!" Yèyé fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, ó fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, tí èèrà fi bò ó títí di ọjọ́ kejì. Inú garawa Ìyá Sùbúọlá ni wọ́n ti bu omi. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà náà sọ ọ̀rọ̀ tí mo ń pìtàn rẹ̀ yìí:

"Kó jẹ́ Málọmọ́ ná, kó tó jẹ́ Olóyè. Bó bá rí òjò, tó rí ẹ̀ẹ̀rùn, tó tún rí òjò lọ́dọ̀ wa, nígbà náà ni kí ẹ gbé pátákó yín wá."

Alága gbé pátákó délé, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà ní káńsù.

"Ọmọ mi ńkọ́?" ló bi akọ̀wé tó bá níbẹ̀.

"Ọmọ wo, Bàbá?"

"Málọmọ́."

Òjéṣínà ránṣẹ́ látinú ọ́fíìsì pé òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alága gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Òjéṣínà gba ojú fèrèsé jáde. Lọ́jọ́ kẹta, abẹ́ fèrèsé ni àpótí wà, Alága sì gbé oúnjẹ dání. Kò bínú, kò pariwo, ó kàn ń bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé, "Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé ara ọmọ mi kò yá?" Ó di àṣírí tó tú síta pé ẹ̀rọ tó ń fa omi gòkè ti jóná láti ayé Ìgbéga, táńkì ni gbogbo wọn ń kùn. Nígbà tó sú Òjéṣínà, ó ra òmíràn, ojúlówó. Omi gun òkè fúnra rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wá wo Alága lẹ́yìn ìyẹn! Láàárọ̀ kó tó fọnu, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ. Bí ọmọ kan bá ṣí i sílẹ̀ tó lọ, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ọjà: "Ẹ tì í o! Ṣé ẹ fẹ́ pa á mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Àwọn obìnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Àbíkú, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn?" Á ní òun kò sùn. Òótọ́ ni, kì í sùn. Gbogbo ìrònú rẹ̀ wà lára ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ àti pátákó tó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó mú gan-an. Odò gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Ọ̀sán kan ni Alága ń jẹun lọ́wọ́ tó gbọ́ igbe: "Málọmọ́ fẹ́ lọ o! Málọmọ́ fẹ́ lọ!" Ó sáré jáde, òkèlè lọ́wọ́, bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Páìpù ló bẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, omi ń ya sínú ilẹ̀ gbígbẹ.

Láyé Ìrètí, ṣe ni wọn ì bá pòṣé, kí wọ́n gbé garawa, kí wọ́n forí lé odò. Ṣùgbọ́n ta ló ń pòṣé fún ọmọ tí òun náà bá wọn sọ lórúkọ? Ẹni tó ní rọ́bà mú rọ́bà wá, ẹni tó mọ púlọ́mbà sáré lọ pè é, àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ fa Òjéṣínà jáde níbi ìpàdé, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Yèyé Àwẹ̀ró kò lè rìn, ó ránṣẹ́ pé, "Ẹ ní èmi ní kó má lọ o." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti padà. Alága jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Sùbúọlá bu omi fún un, ó mu ún tán. Láti ọ̀sán títí di ìgbà yẹn, kò rántí pátákó.

Òjò tún dé. Òjéṣínà wá dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti pé o. Wọ́n nu eruku ara pátákó, wọ́n kàn án mọ́ ibi tó yẹ, láìsí ìbòrí, láìsí ìrẹsì. Nígbà tó di àárọ̀, Alága kò lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ará ìlú.

Obìnrin kan ń kọjá. "Níbo lò ń lọ?" ni ẹnì kejì rẹ̀ bi í.

"Málọmọ́ ni."

Alága ní kò burú, ẹni yẹn kò tíì rí pátákó. Òmíràn kọjá: "Mo ti Málọmọ́ dé, kò sí èrò níbẹ̀." Ìyá Sùbúọlá alára jáde tòun ti garawa: "Baba Sùbúọlá, ẹ bá mi wo iná, mò ń lọ sí Málọmọ́."

"Ìwọ náà!" ni Alága wí. Ó mú ọ̀pá, ó tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìbínú. Nídìí ẹ̀rọ ó bá ìyàwó tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú mìíràn, tó ń pọn omi. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sókè.

"Ìyàwó, ṣé o mọ̀wé?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá." Ó kúnlẹ̀.

"Ka èyí sí mi létí."

"Ẹ̀rọ Omi Olóyè Ọláṣèbíkan."

"Ó káre. Ta wá ni Ọláṣèbíkan?"

Ìyàwó wo pátákó, ó wo arúgbó, àánú rẹ̀ ṣe é.

"N kò mọ̀ ọ́n o, Baba Málọmọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá a, mo lè bá yín béèrè."

Ìyá Sùbúọlá ti gbé garawa sílẹ̀, ó di ikùn mú, kò lè mí. Kí Alága tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí ó fi fara ti páìpù.

Ó lọ rò ó fún Yèyé Àwẹ̀ró bí ẹni ń lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán.

"Ìwọ lo fẹ́ fi orúkọ rẹ sọ omi," ó ní, "omi sì ti fi tirẹ̀ sọ ọ́. Kí ló kù tó ń dùn ọ́? Àgbàlagbà tí gbogbo ìlú ń kí láàárọ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ bẹ̀ pé kó má lọ, mélòó lo ti rí irú rẹ̀, Àkàní?"

Alága fa etí aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ń nu ojú.

Baba Málọmọ́ ni wọ́n ń pè é títí ó fi dàgbà kùjọ́kùjọ́. Bàtà tún kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, torí pé ẹni bá pọn omi tán á yà kí i, ewúrẹ́ náà sì rí oríṣiríṣi jẹ. Òjò ti fọ ọ̀dà ara pátákó lọ báyìí, ẹ ò lè kà á mọ́. Omi ṣì ń yọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Òkè-Ìyeyè, tí ẹ ń yin ohun tí kò tíì fojú kan ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì rọra wò yín, ẹ má bínú sí wọn. Àdúrà ni wọ́n ń bá yín gbà. Kó jẹ́ Málọmọ́ ná, kó tó jẹ́ Olóyè.